Abúlé orí òkè nínú ìgò: ẹ bá mi dá sí i kí n tó dé e pa

ỌmọÒkèÌdànrè

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ní Ìjàpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìdànrè ni mí. Ìyá ìyá mi ti dàgbà, ẹsẹ̀ wọn kò gba àtẹ̀gùn òkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú àtijọ́ tó wà lókè kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá wọn sí, kó tó di pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mo wá ń ṣe igun kan nínú ìlú náà sínú ìgò, kí wọ́n lè máa wò ó láti orí àga wọn.

Ìgò súìtì ńlá ni mo lò, èyí tí àwọn onísọ́ọ̀bù máa ń gbé ka orí tábìlì. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25, ọwọ́ mi sì wọ ẹnu rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Àpáta wà nínú rẹ̀, ilé amọ̀ mẹ́ta, ilé ìdáná kan, ọ̀pẹ méjì àti koríko. Mo ti fi fọ́tò sí ìsàlẹ̀.

Ìṣòro tó wà ńlẹ̀ ni pé alaalẹ́ ni ìgò ń làágùn látinú, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oòrùn yọ, á gbẹ. Òrùlé ilé kan ti ń hu nǹkan funfun. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò jọ ibi tí èèyàn ń gbé. N kò mọ ohun tó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

OníṣọnàAlágbàká

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ dá lórí àpáta yẹn.

Omi tí ò ń rí lára gíláàsì, inú ìgò ló wà tẹ́lẹ̀. Amọ̀ tí o fi mọ ilé, gọ́ọ̀mù tí o fi lẹ̀ ẹ́, igi ìṣáná, yanrìn tó wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn ló mu omi sára. Bí ọ̀sán bá mú, omi á kúrò lára wọn, á di oru. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí gíláàsì tutù, oru á padà di omi sára rẹ̀. Tí o bá dé ìgò pa báyìí, kò níbi tí yóò gbà jáde mọ́. Nítorí náà, ṣí i sílẹ̀. Ta aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀ kí eruku má wọlé, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Má gbé e sínú oòrùn gan-an, oòrùn á pa àwọ̀ ọ̀dà rẹ.

Àsìkò òjò la wà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ní Àkúrẹ́ báyìí, omi ló kún inú rẹ̀. Èmi kì í dé ìgò kankan pa láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń dé tèmi, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ètè ń bó, tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn kí a tó yíjú padà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ni yóò há sínú ìgò, òun ni abúlé rẹ yóò máa mí. Tún wá àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń jù sínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ. Wọ́n máa ń fa omi. Kó wọn sẹ́yìn àpáta, ibi tí ojú kò dé. Tí wọ́n bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, tú ohun tó wà nínú wọn sínú páànù gbígbẹ lórí iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí omi ara wọn kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà kí o dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́.

Òrùlé tó ń hu un, yọ ọ́ jáde pátá. Nínù kò tó, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú òrùlé. Erùpẹ̀ tàbí yanrìn tí o bá tún fẹ́ lò, yan án gbẹ lórí iná bí àwọn alẹ́pà ṣe ń yan yanrìn wọn, kí ohun yòówù tó lè hù tàbí tó lè pa nínú rẹ̀ kú síbẹ̀.

BàbáKáfíńtàÒkèÀró

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí super glue dé inú ìgò yẹn. Èéfín rẹ̀ máa ń jáde nígbà tó bá ń gbẹ, tí kò bá sì rí ọ̀nà lọ, ara gíláàsì àti ara ọ̀dà ni yóò lẹ̀ mọ́, yóò sì funfun. Kò rọrùn láti nù kúrò nínú ìgò tí ọwọ́ kò yí dáadáa. Top Bond funfun tí àwa káfíńtà ń lò ló dára, àmọ́ ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó gbẹ. Ohun tí ẹ bá lè lẹ̀ níta, ẹ lẹ̀ ẹ́ níta, kó gbẹ dé inú, kí ẹ tó gbé e wọlé.

Kí lẹ fi ṣe àpáta?

ỌmọÒkèÌdànrè

Ẹ ṣé gan-an, Ma. Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti ṣí ìgò, mo ti yọ òrùlé náà.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí ni mo gé ṣe àpáta, Bàbá. Mo fi POP tó ki díẹ̀ kùn ún, mo wá fi ọ̀dà kùn ún lórí.

BàbáKáfíńtàÒkèÀró

Ó dára bẹ́ẹ̀. Òkúta gidi wúwo, tó bá yí lójijì á fọ́ ìgò. Ṣùgbọ́n má ṣe fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà kan fóòmù yẹn o, bẹ́ẹ̀ ni super glue tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ni, wàá rí i tó ń yọ́ wọlé lójú ara rẹ. Top Bond kì í ṣe é ní nǹkan kan.

ÌyáOlódòdó

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi a máa ta òdòdó àti ewéko inú ìkòkò, mo sì fẹ́ bèèrè ohun kan: kí ló dé tí gbogbo yín ń bá omi jà? Ẹ jẹ́ kí omi wà níbẹ̀ kó wúlò! Kí ọmọ yìí lo koríko tó wà láàyè, èyí wínníwínní tó máa ń bo ara ògiri lásìkò òjò. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀dà ṣe.

Dókítà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Nathaniel Ward lorúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829, ó bu ilẹ̀ tútù sínú ìgò, ó fi kòkòrò tó ń múra àti di labalábá sínú rẹ̀, ó dé e. Ewéko hù látinú ilẹ̀ yẹn, ó sì ń dàgbà láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. Omi tí ewé bá mí jáde lọ́sàn-án á kán padà sórí ilẹ̀ lálẹ́, bó ṣe ń yí po nìyẹn. Inú irú àpótí gíláàsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbé igi tíì kékeré sórí ọkọ̀ ojú omi láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà, tí wọ́n gúnlẹ̀ láàyè. Làágùn tí ìgò rẹ ń làágùn, ọmọ mi, ẹ̀mí ni.

OníṣọnàAlágbàká

Màmá, òótọ́ lẹ sọ nípa ewéko, mo sì fẹ́ràn ìtàn dókítà yẹn. Àmọ́ ilé amọ̀ tí a kò fi iná sun ló wà nínú ìgò yìí. Bí ó bá ń mu omi lálaalẹ́, igun ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọ̀dà á bó, òrùlé á jẹrà, gbogbo rẹ̀ á bu. Ọgbà inú ìgò àti abúlé inú ìgò, omi ló pààlà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kéèyàn mú.

ÌyáOlódòdó

Tí ó bá fi sìmẹ́ńtì ṣe ilé ńkọ́? Sìmẹ́ńtì kì í bẹ̀rù omi. Kó da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kó lọ èédú lé e lórí kí ilẹ̀ má baà máa rùn, kó wá bu ilẹ̀ sí i.

OníṣọnàAlágbàká

Ìyẹn á ṣiṣẹ́, Màmá, fún ẹni tó bá fẹ́ ìlú àwọn ilé alásìmẹ́ńtì. Ilé amọ̀ ìgbà ìyá ìyá rẹ̀ lọmọ yìí ń ṣe.

ÌyáOlódòdó

Mo gbọ́, ìyá. Ó wá kù síbì kan o: àpò olódòdó mi kò ní ṣófo fún ọmọ yìí. Tó bá jẹ́ gbígbẹ ló fẹ́, kó ká koríko ara ògiri yẹn nísinsìnyí tó tutù, kó fọ erùpẹ̀ kúrò, kó tò ó sáàárín bébà ìwé ìròyìn, kó gbé òkúta lé e títí yóò fi gbẹ. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Kó fi ọ̀dà ewé tó fomi là dáadáa tọ́ ọ lára fẹ́ẹ́rẹ́. Á jọ koríko ju èyí tó rà lọ.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Oǹdó níbí. Àbúrò mi, ìwọ̀n ló kọ́kọ́ kọlù mí lójú nínú fọ́tò yẹn. Ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́ ga ju ti ilé ìdáná lọ ní ìlọ́po méjì, odó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ògiri. Ojú ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan wọ́, bí kò tiẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Mú èèyàn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ga tó mítà 1.7, jẹ́ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 péré. O ti pín gbogbo nǹkan sí ọ̀nà 170 nìyẹn. Ògiri amọ̀ tó ga tó mítà 2.5 á di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ kì í ga, ẹni tó bá ń wọlé á tẹrí ba. Mítà kan ààbọ̀ yẹn kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ọmọ odó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹni tó ń gún iyán, odó fúnra rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ. Ṣe ọmọ ènìyàn kan lákọ̀ọ́kọ́, kódà tí o kò bá ní fi í sínú ìgò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú wáyà iná ni kí o lọ́, kí o wé òwú mọ́ ọn. Ohunkóhun tí o bá ṣe, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò.

Igi lè kó ọ sí wàhálà. Ọ̀pẹ tó ga ní mítà 20 á di sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì dára nínú ìgò rẹ. Ṣùgbọ́n ìrókò tó ti gbó lè ga tó mítà 50. Tí o bá pín ìyẹn sí 170, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 30, á yọ lókè ìgò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí o ṣe, kó gùn lọ sókè kó parẹ́ sábẹ́ ìdérí. Ẹni tó ń wò ó á mọ bó ṣe ga tó.

Àpáta náà ńkọ́? Òkè Ìdànrè gidi kò lè wọ ìgò kankan ní ìwọ̀n yẹn. Jẹ́ kí ilé iwájú jẹ́ bí mo ṣe wí, kí ti ẹ̀yìn kéré sí i, kí ti ẹ̀yìn pátápátá tún kéré sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú á rò pé ó jìnnà, àpáta á sì tóbi fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń kọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, òrùlé yín ló sì fà mí wá. Ó jọ pé okùn tí ẹ tú lára àpò kòkó lẹ fi ṣe òrùlé kí ó lè jọ koríko. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ilé ọ̀dàn ni. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n ń fi bo ilé lápá Ọ̀yọ́, nítorí ó pọ̀ ní ọ̀dàn. Lọ́dọ̀ tiwa nínú igbó, ewé ni wọ́n máa ń lò jù, ewé gbódògì tí wọ́n tò lé ara wọn tí wọ́n sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún pọ̀. Koríko máa ń gbọ́n jáde létí òrùlé. Ewé ní tirẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ ní ìpele ìpele, ó sì máa ń dúdú bí èéfín bá ti ń wọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bí mo ṣe ṣe tèmi fún iṣẹ́ kíláàsì rèé. Mo ká ewé gbódògì tó ti gbẹ, mo fi omi wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, mo fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́ pẹlẹbẹ lábẹ́ aṣọ. Mo fi réésà gé e sí ọ̀já tín-ín-rín, mo tún la etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan wẹ́wẹ́. Mo fi igi ìgbálẹ̀ ṣe egungun òrùlé. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ọ̀já mọ́ ọn, èyí tó tẹ̀ lé e á gun èkíní lẹ́yìn dé ààbọ̀, títí a fi dé góńgó òrùlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, òjò á wọlé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé ńlá ìbáà jẹ́ ilé inú ìgò.

Àwọn ilé tó bá tún yẹ ní páànù, ẹ gé agolo mílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ìyarun kó lè ní ilà. Àfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, tó wà lókè, páànù tó ti dípẹtà lẹ máa rí nínú fọ́tò rẹ̀. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé ó yẹ ní àfiyèsí gbogbo ayé, fọ́tò ibẹ̀ sì pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò wọ́n dáadáa.

ỌmọÒkèÌdànrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀, àbúrò. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Màmá, ìyá ìyá mi: ewé ni ilé tí ìyá wọn máa ń sọ fún wọn. Ewé ni gbogbo ilé inú ìgò mi yóò jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ará Oǹdó, mo ṣe ọmọ ènìyàn oníwáyà yẹn lánàá. Gbogbo ilẹ̀kùn ni mo ní láti tún gé.

OníṣọnàAlágbàká

Ẹ̀yin méjèèjì ti jẹ́ kí iṣẹ́ wa dínkù! Ẹ jẹ́ kí n fi ti àpáta kún un, nítorí fọ́tò tí akẹ́kọ̀ọ́ wa mẹ́nu bà.

Wo òkè Ìdànrè dáadáa kí o tó tún mú búrọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe eérú lásán ni àwọ̀ rẹ̀. Ilà dúdú gbọọrọ wà lára rẹ̀, láti orí dé ìsàlẹ̀, ojú ibi tí omi òjò ti ń ṣàn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Àwọn ilà yẹn kì í dábùú, bí omi ṣe ń lọ ni wọ́n ṣe ń lọ. Kun gbogbo àpáta ní àwọ̀ eérú tó fúyẹ́, jẹ́ kó gbẹ. Fi omi púpọ̀ la ọ̀dà dúdú, fi búrọ́ọ̀ṣì kán an sí orí àpáta, kí o jẹ́ kó ṣàn fúnra rẹ̀. Má fà á. Níbi tó bá dúró sí, jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pẹ̀lú ọ̀dà funfun díẹ̀, fi ra àwọn etí tó yọ síta.

Ọ̀pẹ rẹ ńkọ́? Ìyẹ́ adìẹ ló yẹ imọ̀ ọ̀pẹ. Fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ náà dín kù, la á wẹ́wẹ́, rì í sínú aró aláwọ̀ ewé, kí o gún un yí orí igi ká. Kí díẹ̀ nínú wọn gbẹ, kó sì kọ́ sísàlẹ̀ lára igi, nítorí kò sí ọ̀pẹ oko tí kì í ní imọ̀ gbígbẹ lára.

ÀgbàOwena

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, o ní o kò mọ ohun tó kù. Ẹsẹ̀ èèyàn ló kù.

Wo fọ́tò rẹ padà. Koríko tutù yọ̀yọ̀ yí gbogbo ilé ká, ẹnìkan kò tẹ̀ ẹ́ rí. Báwo ni ẹni tó wà nínú ilé yìí ṣe ń dé ilé ìdáná? Ibo ni wọ́n ń gbà lọ pọnmi? Ọ̀nà oko dà? Ìlú tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ojú ọ̀nà ló kọ́kọ́ máa ń ní, kí ilé tó pọ̀ níbẹ̀. Iwájú ilé kì í ní koríko rárá, àwọn obìnrin ń gbá a láràárọ̀, ó máa ń le, ó sì máa ń dán. Láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ọ̀nà á fẹ̀ díẹ̀, nítorí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójúmọ́. Ọ̀nà omi á ṣe tín-ín-rín, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan ni wọ́n ń rìn ín. Kò sí èyí tó máa ń lọ gbọọrọ. Yóò yí àpáta po, yóò yà fún gbòǹgbò igi. Ọ̀nà oko á wọ inú igbó lọ, kò sí ẹni tó máa rí òpin rẹ̀.

Tún wo ara ògiri. Ògiri amọ̀ kì í jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Òjò tó bá ń já bọ́ láti etí òrùlé máa ń ta ẹrẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, ibẹ̀ á pọ́n, á sì rí gbágungbàgun títí dé orúnkún. Nísàlẹ̀ etí òrùlé náà, omi á ti gbẹ́ ilẹ̀ yí ilé ká. Kò jìn, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ibẹ̀ làwọn adìẹ ti máa ń mu omi. Òrùlé ilé ìdáná gbọ́dọ̀ dúdú ju ti ilé yòókù lọ, pàápàá lókè ibi tí èéfín ń gbà jáde. Eérú wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga díẹ̀, ó funfun. Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ìdí omi ìwẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wà. Níbi tí àpáta bá ti tẹ́, sá ata sórí rẹ̀. O kò nílò ju ọ̀dà pupa tí a fi orí abẹ́rẹ́ kán lọ.

Tí o bá ṣe ìwọ̀nyí, kò di dandan kí o fi èèyàn síbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ oko ni.

ỌmọÒkèÌdànrè

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Màmá lórí fóònù, wọ́n ní ẹ mọ ibẹ̀.

Ìbéèrè kan wá kù: mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ koríko yíká. Ṣé mo ní láti tú gbogbo rẹ̀ ni?

OníṣọnàAlágbàká

Rárá, má tú u. Top Bond tó ti gbẹ ṣì máa ń rọ̀ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án. Ya ọ̀nà rẹ sórí bébà kọ́kọ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì kán omi sí ojú ibi tí ọ̀nà yóò gbà, díẹ̀díẹ̀, kí o dúró kó rọ̀, kí o wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha koríko kúrò lójú ọ̀nà nìkan. Jẹ́ kí etí ọ̀nà rí jágajàga. Fi gọ́ọ̀mù tó fomi là kun ojú ibẹ̀, bu erùpẹ̀ pupa tí o ti yan sínú aṣọ asẹ́ ògì, kí o máa gbọ̀n ọ́n sórí rẹ̀. Àárín ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù, fi erùpẹ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i ju ti etí lọ. Omi tún ti wọlé nìyẹn o, nítorí náà jẹ́ kí ìgò wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́.

BàbáKáfíńtàÒkèÀró

Fún irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, lọ sọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́, ra sípóòkù àlòkù. Fi òkúta lọ orí ọ̀kan kó mú, tẹ orí èkejì kó di ìkọ́. Ìkọ́ yẹn lo máa fi gbé òrùlé tuntun wọlé. Má fi òrùlé mọ́ ògiri níta, ẹnu ìgò kò ní gbà á. So òwú mọ́ góńgó òrùlé, fi ìkọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ògiri tó ti dúró nínú, gé òwú. Àwọn atukọ̀ òyìnbó tó ń kó ọkọ̀ ojú omi sínú ìgò, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tiwọn: wọ́n á dùbúlẹ̀ òpó ọkọ̀ kó lè gba ọrùn ìgò kọjá, tó bá ti wọlé tán, wọ́n á fi òwú fà á dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ilé

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ kí iná wà nínú ilé ìdáná lálẹ́, gílóòbù LED wínníwínní aláwọ̀ ọsàn kan ti tó. Kì í gbóná. Ẹ lu ìdérí ní ihò, ẹ gba wáyà ẹ̀yìn ìrókò kọjá, kí bátìrì wà níta.

ỌmọÒkèÌdànrè

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Òjò ti dáwọ́ dúró, mo sì ti ṣe ojú ọ̀nà. Fọ́tò tuntun ti wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi méjèèjì wéra, ẹ máa rí i pé ilé kan náà ni, igi kan náà ni, àmọ́ nísinsìnyí ojú mi ń rìn nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé, mo yà níbi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gba ẹ̀yìn àpáta, n kò sì rí òpin ọ̀nà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fọ́tò rẹ̀ lọ fún Màmá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ta ló gbé odó sínú oòrùn. Wọ́n ní abẹ́ etí òrùlé ilé ìdáná ni odó máa ń wà, níbi tí ibòji bá ti ṣíjì bò ó, àti pé ìyá wọn sọ pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà lọ sí odò, wọn kì í gba iwájú. Mo ti gbé odó. Mo ti ṣe ọ̀nà omi tuntun sí ẹ̀yìn, mo sì jẹ́ kí koríko díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ti iwájú. Wọ́n tún bẹ̀ mí pé kí n fi obìnrin kan tó ru omi sójú ọ̀nà náà. Ẹ̀yin bàbá wa ará Owena, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, mo ti fi í síbẹ̀.

ÀgbàOwena

Kí ló máa bí mi nínú? Ìyá ló ni ìlú. Ó gbé ọ̀nà rẹ lọ síbi tó yẹ. Kí omi díẹ̀ ta sílẹ̀ lẹ́yìn obìnrin náà, àmì dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

ÌyáOlódòdó

Ọmọ mi, koríko yẹn dára! Mo mọ̀ pé ara ògiri lo ti ká a.

ỌmọÒkèÌdànrè

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ara ògiri ilé ọlọ́jà wa ni.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ìgò kò làágùn mọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo fẹ́ dé e pa kí n tó gbé e lọ sí Ìdànrè. Kí ni mo máa fi dé e? Báwo ni mo sì ṣe máa gbé e lọ? Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, ọkọ̀ èrò ni mo sì máa wọ̀.

OníṣọnàAlágbàká

Fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu inú gíláàsì fún ìgbà ìkẹyìn, wé e mọ́ orí sípóòkù. Ju àpò bàtà tuntun sẹ́yìn àpáta. Dé e lọ́sàn-án. Yọ́ àbẹ́là, fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí etí ìdérí ká. Àbẹ́là dára ju gọ́ọ̀mù lọ fún ìyẹn, nítorí bí nǹkan bá ṣubú nínú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, o lè fi ọ̀bẹ ha á kúrò, kí o ṣí i, kí o tún un ṣe.

BàbáKáfíńtàÒkèÀró

Má gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Wá kí n kan àpótí fún un. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì, ihò àárín á jẹ́ ìwọ̀n ìgò gẹ́lẹ́, kó má baà mì. Òòró ni kó dúró títí tí o fi máa dé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á dùbúlẹ̀ sínú búùtù. Fi òwú wọn ìdí ìgò yíká, kí o sì wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, kí o kọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi níbí lónìí. Pákó wà nílẹ̀.